Mi Ò Tíì Wọ̀ Ọ́ Rí

Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ka owó olówó
lẹ́yìn gíláàsì, ní báńkì kan ní Alékùwodò.
Ìka mi mọ náírà ju bó ṣe mọ irun ọmọ mi lọ.
Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ tí ń kówó dé,
tí wọ́n ní ká máa lọ sílé, àwọn yóò pè wá,
mo jókòó sẹ́bàá rélùwéè. Ọkọ̀ kankan ò kọjá.
Òkè ni nǹkan ti kọjá: ọkọ̀ òfurufú kan,
ó ń fa ìlà funfun bí ẹfun lára pátákó.
Mo bi ara mi pé, ta ló ń dè é?
Kì í ṣe ta ló ń wà á o.
Ta ló ń dè é?

Ìyá mi ní ogójì ọdún kọ́ là ń kọ́ṣẹ́.
Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Ìwọ tí o ò lè yọ táyà kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹ!"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé Ìkẹjà,
sínú ilé gàgàrà tí ọkọ̀ òfurufú ń sùn sí,
tí mo ń pe ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ́gàá.
Ébùká kì í pariwo. Á ní, "Àǹtí, ẹ fetí sí i.
Tó bá ti le tó, á sọ fún yín."
Ọdún kan gbáko, irin ò bá mi sọ nǹkan kan.

Níbẹ̀, bílẹ̀ bá ṣú, a kì í lọlé láìka irinṣẹ́.
Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ka méjìlélọ́gọ́ta.
Mo tún un kà. Wọ́n ní ó ti rẹ̀ mí ni.
Mo ní rárá.
Ẹni tó ti fi owó àpò ara rẹ̀ dí owó tó dín rí
kì í ṣi kíkà.
Aago mẹ́ta òru la tó rí i, sípánà kékeré,
ó sùn sínú apá ọkọ̀ bí ọmọ ológbò.
Lọ́jọ́ náà nìkan ni Ébùká pe èmi náà lọ́gàá.

Sátidé tó kọjá, mo wálé, mo lọ sí Òkè-Baálẹ̀,
sí ilé ìwé tí mo ti kọ́ A, B, D.
Mo gbé ìgò mínírà dání, pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́,
kọ́ọ̀kì mọ́kànlá, páálí tí a ó gé ṣe ìyẹ́.
Ìgò àkọ́kọ́ dojú délẹ̀, ó da omi sára ọ̀gá ilé ìwé.
Ẹ̀rín sọ.
Ìkejì gbéra: ṣùúù!
Ó fo igi máńgòrò, ó fo wáyà iná,
ó lọ bà sórí òrùlé tí àkàbà wa ò tó.

Múfútáù wá béèrè, ẹnu rẹ̀ kún fún máńgòrò:
"Àǹtí, báwo ló ṣe rí lókè lọ́hùn-ún?
Ṣé ẹ máa ń rí odò Ọ̀ṣun?"

Mo wolẹ̀. Mo ní, "Mi ò tíì wọ̀ ọ́ rí."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ló sọ pé irọ́ ni mo ń pa látàárọ̀.
Ràfíátù ò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ìbú ọwọ́ wọn ìyẹ́ tó gé.
Ó ní, "Bàbá mi ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Yàrá kan là ń gbé ní Sábó."
Ó dákẹ́, ó tẹ sẹ́lótéèpù mọ́lẹ̀.
"Ilé tó kọ́ ò wó rí."

Nígbà tí oòrùn yí, a kó ẹrù jọ.
Ọwọ́ mi ti wà lára báàgì, mo ti ń ronú ọkọ̀ Èkó,
ni mo gbọ́ ohùn tín-ín-rín lẹ́yìn mi:
"Àǹtí, kọ́ọ̀kì mẹ́wàá ni mo kà."

A ò lọlé.
Gbogbo wa wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú koríko,
à ń wá a.